Síbí Linsi Láràárọ̀

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹnu mi mú. Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Láti kékeré ló ti mú, ìyá tó bí mi sì máa ń sọ pé ọjọ́ tí mo bá délé ọkọ ni wọn yóò bá òun gé e kúrú. Wọ́n bá a gé e lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé mì nílé ọkọ mi. Bóyá ká ní mo sọ ọ́ jáde, ìyá ọkọ mi ì bá pẹ́ láyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. N ò mọ̀. Dókítà pàápàá ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń wọn nǹkan náà sínú ẹ̀kọ rẹ̀ láràárọ̀.

Ẹgbẹ́dá là ń gbé nígbà náà, nígbà tí owó epo rọ̀bì gba ìlú kan. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá ọkọ mi, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, iwájú ilé wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, wọ́n fi páànù bò ó lórí. Ìjọba ti fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àga kúṣìn kiri. Ẹni tó ń jókòó sórí àpótí lánàá ni yóò wọlé tọ̀ wá lónìí, tí yóò ní òun ń fẹ́ àga mẹ́fà, kí tìmùtìmù wọn pupa, kí apá wọn sì máa dán. Láti Òkè-Odò, láti Ìkọ̀tún, wọ́n ń bọ̀. Bàbá kì í sinmi. Òórùn fáníṣì wọ inú aṣọ wa, ó wọ inú ìrọ̀rí wa, nígbà tó yá a ò gbóòórùn rẹ̀ mọ́.

Owó náà dé inú ìkòkò wa pẹ̀lú. Ègbo àti ẹ̀wà, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ yánrin àti gbúre, ni ìyá ọkọ mi fi dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ti kúrò nílé òun. Ọjọ́ kan tí mo se ègbo, ó wo inú àwo, ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó, ṣé wọ́n ní ebi ń pa wá ni?" Bí ègbo ṣe di oúnjẹ òtòṣì nìyẹn. A wá ń jẹ búrẹ́dì funfun láàárọ̀, ìrẹsì òyìnbó lọ́sàn-án, búrẹ́dì àti sàdíìnì lálẹ́. Mílíìkì inú agolo ò wọ́n wa, ṣúgà onígun sì rèé lórí tábìlì níbi tí àlejò ti lè rí i. Bí àlejò bá ti rí i, inú Bàbá dùn nìyẹn.

Ọdún kan ò tíì pé tí inú Màmá fi dì pátápátá. Obìnrin tó jẹ́ pé bó bá ti kírun àsùbáà tán, tó gbé bútà, kì í pẹ́ kó tó padà, wá di ẹni tí í jókòó sí ilé ìyàgbẹ́ títí oòrùn yóò fi mú òrùlé. Bó bá jáde, a ò ní bi í léèrè, ojú rẹ̀ ti sọ fún wa pé òfo ló bá bọ̀. Ó lo àgúnmu, ó mu àgbo, wọ́n fún un ní oògùn funfun kan ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lọ́nà Ìyánà Ìpájà. Bí ó bá lò ó lónìí, inú á là. Lọ́la, á tún dì. Ó ń rù. Ó máa ń di ikùn rẹ̀ mú bí ó bá fẹ́ dìde.

N kò gbọdọ̀ fi ohun tí obìnrin yẹn jẹ́ sí mi pamọ́. Ìyá ọkọ mìíràn a máa fi ojú ìyàwó gbolẹ̀. Tèmi, nígbà tí oyún méjì bọ́ lára mi léra, tí àwọn kan ti ń sọ fún ọkọ mi pé kó wo ibòmíràn, òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ òun sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó kọ́kọ́ bá òun sọ ọ́. Ìyàwó mi alákọ̀wé ló ń pè mí, torí pé mo ka ìwé móda parí. Èmi ló ń ní kí n kọ lẹ́tà, èmi ló ń ní kí n ka èsì. Ìyàwó mìíràn ìbá máa gbéra ga sí i. Èmi, mo kàn fẹ́ kí inú rẹ̀ máa dùn sí mi ni.

Bàbá ọkọ mi ni ó yàtọ̀. Kò burú, n kò lè pè é ní ènìyàn burúkú. Àmọ́ ẹni tó ti ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá rí kì í gbọ́ ohùn ẹlòmíràn dáadáa mọ́. Ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí, olùkọ́ kan wá gbé iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù fún un. Mo gbé omi wá fún oníbàárà náà, mo gbọ́ ìwọ̀n tí wọ́n ń sọ, ẹnu mi ò gbọ́ tèmi. Mo ní, "Bàbá, kọ́bọ́ọ̀dù yìí ò ní lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá o." Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni ìyàwó sọ. Òótọ́ náà ni. Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tó fi sọ fún mi pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Màmá ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kù èmi àti ẹ̀ ní yàrá, ó fa etí mi díẹ̀, ó ní, "Bí òótọ́ bá tiẹ̀ kún ẹnu rẹ, dúró kí oníbàárà lọ ná kóo tó tu ú, jàre." Mo búra pé n kò ní dá a láṣà mọ́.

Àbúrò ọkọ mi kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń kàwé. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ, Akọ̀wé ni mo ń pè é. Màmá ní kí n kọ̀wé sí i pé inú òun ò lọ dáadáa mọ́. Ó ní ojú ti òun, kí n fi ọgbọ́n kọ ọ́, n kò mọ irú ọgbọ́n tí a fi ń kọ irú ìyẹn. Mo kàn kọ ọ́. Nígbà tí èsì dé, ẹ̀yìn ìrun àsárì ni, gbogbo wa jókòó ní pálọ̀, mo sì ń kà á sókè. Èdè Yorùbá ló fi kọ ọ́. Ó kí bàbá, ó kí ìyá, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kí èmi náà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé:

"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wá linsíìdì, kí ẹ máa fi síbí kan sínú ẹ̀kọ yín láràárọ̀, kí ẹ sì máa mu omi tó pọ̀ lé e. Oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn. Àwọn àgbàlagbà ibí ń jẹ ẹ́ kí inú wọn lè máa lọ déédéé. Ẹ dín búrẹ́dì funfun kù, ẹ padà sí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ yín. Bí ẹ ò bá rí linsíìdì náà, mò ń wá ẹni tí n ó fi rán sí yín."

Lẹ́tà òyìnbó ló fi kọ orúkọ nǹkan náà. N kò tíì ka gbólóhùn tó kàn tán tí Bàbá fi pa àtẹ́wọ́.

"Linsi! Ṣé linsi ni wọ́n ń wá kiri? Linsi tó kún garawa ní ṣọ́ọ̀bù mi yìí?"

Kí ẹni tí kò bá gbé pẹ̀lú káfíńtà rí lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: òróró kan wà tí wọ́n ń fi pa igi. Ara irúgbìn kan ni wọ́n ti ń fún un, linsíìdì sì ni orúkọ rẹ̀ lára agolo. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gùn lẹ́nu ẹni tó ń fi ìfági ṣiṣẹ́, àwọn káfíńtà bá gé e sí méjì, wọ́n sọ ìdajì nù. Bu linsi wá. Po linsi mọ́ fáníṣì. Fi linsi nu orí tábìlì yẹn kó dán. Ìdajì tí wọ́n sọ nù yẹn ni síìdì, tó jẹ́ pé irúgbìn ló túmọ̀ sí. Fún ogún ọdún, kò sí irúgbìn kankan nínú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bàbá ọkọ mi. Òróró ni linsi, òróró náà sì rèé.

Èmi mọ síìdì. A ní oko lẹ́yìn kíláàsì wa ní ilé ẹ̀kọ́, síìdì la kọ sára gbogbo àpò ibẹ̀, síìdì àgbàdo, síìdì ilá. Mo tún mọ̀ pé èròjà mìíràn wà nínú òróró inú garawa yẹn tó ń jẹ́ kó tètè gbẹ lára igi, torí mo ti rí àwòrán agbárí òkú tí wọ́n yà sára garawa náà, mo sì ti ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e mì. Mo la ẹnu. Mo rántí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rọra sọ ọ́, mo fi ìbéèrè bò ó:

"Bàbá, àbí irúgbìn rẹ̀ ni Akọ̀wé ń sọ?"

"Irúgbìn kí ni? Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n gbin linsi sí rí?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ìwọ ló máa wá kọ́ mi ní linsi ni, ìyàwó?"

Ọkọ mi jókòó níbẹ̀, ó ń wò mí pé kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Màmá náà ń wò mí, ayọ̀ ti kún ojú rẹ̀ pé ohun tí ọmọ òun júwe láti ẹ̀yìn òkun wà nílé òun lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Mo ká lẹ́tà náà, mo fi í sínú àpò ìwé. Gbogbo rẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti wá ìgbà tí mo tún lè sọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà náà pọ̀, n ò sì sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì Bàbá bu òróró náà sínú agolo mílíìkì tó ṣófo, ó gbé e fún mi ní ilé ìdáná. Mo po ẹ̀kọ mímu, mo wọn síbí kan sí i. Ó léfòó lórí ẹ̀kọ, ó ń dán, mo rò ó títí kò fi hàn mọ́. Màmá fi ẹnu kàn án, ó yínmú.

"Ó ń rùn bí àga tuntun," ó wí.

A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ó mu ún tán, ó sì fi ìka nu inú abọ́ torí pé ọmọ rẹ̀ ló ní kó mu ún.

Ọjọ́ kẹta, inú rẹ̀ là. Kì í ṣe pé ó là lásán, ó ṣí bí ẹ̀rọ omi tí a gbàgbé láti tì. Gbogbo ilé yọ̀. Bàbá sọ fún oníbàárà tó bá ti yà pé ohun tí òun fi ń pa àga fún wọn ni àwọn òyìnbó ń fi sóúnjẹ o, kí wọ́n má fojú kéré káfíńtà mọ́. Ẹnì kan ní kó bu díẹ̀ fún òun, ọpẹ́lọpẹ́ pé onítọ̀hún ò rántí mú ìgò wá. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo ń gbọ́ wọn, mo sì sọ fún ara mi pé bóyá èmi ni n kò mọ nǹkan. Bóyá garawa náà ló ń parọ́. Ọkàn ènìyàn a máa fẹ́ gbàgbọ́ nínú ohun tí yóò jẹ́ kó lè dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, inú náà ò dúró mọ́. Ó ń yà á, ó ń bì. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ẹnu òun ń korò bí ẹni tó fi owó bàbà sẹ́nu. Bí mo bá gbé ìrẹsì wá, á ní kí n gbé e lọ. Ẹ̀kọ nìkan ló kù tó ń wọ̀ ọ́ lọ́fun, inú ẹ̀kọ náà sì ni nǹkan wà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà dojú rú? Mo bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Tìrélà ló ń wà, ó ń kó sìmẹ́ǹtì láti èbúté Àpápá lọ sókè Ọya, ọjọ́ méjì ló máa ń lò nílé kó tó tún lọ. Mo ní kó bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé irúgbìn ni Akọ̀wé ní lọ́kàn. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ní, "Bàbá mọ iṣẹ́ wọn. Fi wọ́n sílẹ̀ jàre, kí wọ́n má tún lọ bínú sí ẹ." Ó yí ojú sí ògiri. Mo bínú sí i púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ kí ni mò ń bínú fún? Ohun tí mò ń sá fún lòun náà ń sá fún.

Mo wá dá ọgbọ́n tèmi. Lọ́jọ́ kan, mo po ẹ̀kọ, n kò wọn nǹkan kan sí i. Mo da síbí òróró kan sí ẹ̀yìn ilé kí èyí tó wà nínú agolo lè máa dín kù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo sì gbà pé mo ti bọ́. Lọ́jọ́ kẹta Màmá fi ẹnu kan ẹ̀kọ, ó gbé abọ́ sílẹ̀.

"Ìyàwó, o ò fi linsi mi sí i."

"Mo fi sí i, Màmá."

"Má parọ́ fún mi. Lánàá náà, o ò fi sí i. Mo kàn ń wò ẹ́ ni." Ojú rẹ̀ ti wọnú, ó fi í wò mí bí kò ti wò mí rí. "Ọmọ mi ní kí n máa jẹ ẹ́. Ṣé o ò fẹ́ kí ara mi yá ni? Ṣé ìwọ náà ti wà lára wọn ni?"

Ẹnikẹ́ni ò tíì fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nà mí rí. Bí òkò bá bà mí, ì bá sàn. Mo wà ní kíkúnlẹ̀, òótọ́ wà lẹ́nu mi, ó tó kí n tu ú. Kò sí oníbàárà níbẹ̀. Bàbá pàápàá ò sí níbẹ̀. Kí n kàn ní, Màmá, òróró igi lẹ ń mu, májèlé ni. Àmọ́ ohun tí mo rò ni pé yóò sọ fún Bàbá, Bàbá yóò ní mo pe òun ní apànìyàn, wọn yóò kó ẹrù mi síta, èmi tí n kò tíì bí ọmọ kan tí n ó fẹ̀yìn tì. Mo gbé abọ́ náà padà sí ilé ìdáná. Mo wọn síbí kan sí i. Mo gbé e fún un, ó sì mu ún, ó ní, "Ìwọ náà o ò rí i?" bíi pé a ti parí ìjà.

Nígbà tí kò lè rìn mọ́, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. A lo ọjọ́ kan gbáko lórí ìjókòó kí ó tó kàn wá. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí oorun wà lójú rẹ̀, tẹ ikùn rẹ̀, ó wo ẹyinjú rẹ̀, ó wá bi wá pé kí ló ń jẹ.

"Oúnjẹ tí gbogbo ènìyàn ń jẹ ni," Bàbá ló dáhùn. "Ẹ̀kọ. Búrẹ́dì. Ìrẹsì."

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

"Kò sí."

Kò mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Lójú tiẹ̀, oúnjẹ ni linsi. Èmi ni mo mọ̀. Mo dúró lẹ́yìn àga, mo gbé báàgì Màmá dání, mo ń ka àwọn páànù òrùlé. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti wú, pé bóyá ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é, pé kí a máa fún un ní oògùn kan, kí a padà wá. A gbé e wálé.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ẹni tó bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù yà sí ilé wa. Ó gbé àpò kékeré kan sílẹ̀, a fi okùn dì í, a sì kọ orúkọ Màmá sí i lára. Bàbá tú u. Irúgbìn ló kún inú rẹ̀. Ó rí pẹlẹbẹ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán bí yanmọtí tí a fọ̀. Bàbá bu ú sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní kí ni èyí? Mo gba bébà tó wà nínú àpò náà, mo kà á: Màmá, linsíìdì yín rèé. Kí ìyàwó máa lọ̀ ọ́ kó kúnná, torí bí ẹ bá gbé e mì lódindi, bó ṣe wọlé ni yóò ṣe jáde. Síbí kan péré, kí ẹ sì mu omi lé e.

Lónìí, fláksíìdì ni àwọn ọmọ ìwòyí ń pè é, wọ́n ń tà á nínú ọ̀rá ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ bíi pé òkèèrè ni mo ti ń bọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé bí a bá fi sínú ẹ̀kọ gbígbóná, ó ń fà díẹ̀ bí ilá, kò ní òórùn kankan tó lè lé ènìyàn. Oúnjẹ jẹ́jẹ́ ni. Èyí gan-an ló máa ń dùn mí jù.

Bàbá jókòó ti àpò náà. Irúgbìn ń jò bọ́ láàárín ìka rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò ṣa wọ́n. Ó dìde, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì gbọ́ tó ń da nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí mo jáde sí ẹ̀yìn ilé, ó ti dojú garawa dé, ilẹ̀ ti mu òróró náà. Ó rí mi. Ọkùnrin yẹn kò bẹ̀ mí rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé rẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "jọ̀ọ́. Má sọ fún Màmá."

Mo ní, "N kò ní sọ, sà." Mo ṣàánú rẹ̀. Òróró ti bo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó ń fa ìlà gbọọrọ lórí pákó láìlo rúlà. Mo rò pé láti ọjọ́ náà lọ, èmi àti ẹ̀ la jọ ru ẹrù náà.

Mo lọ irúgbìn náà lórí ọlọ, mo pò ó mọ́ ẹ̀kọ, mo gbé e fún Màmá. Ó tọ́ ọ wò. Ó ní kò rùn bíi ti àná. Ó ní kí ni mo tún fi sí i? Mo ní linsíìdì tí Akọ̀wé fi ránṣẹ́ ni. Ó mi orí, ó tì í padà.

"Irọ́. Èmi mọ linsi mi. Ti Bàbá ló ń ṣiṣẹ́ fún mi. Lọ bu ti Bàbá wá."

"Ó ti tán, Màmá."

"Lọ wò ó dáadáa."

Mo lọ, mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀, mo padà wá. Mo ní ó ti tán. Ó sunkún. Ẹni tó fara da ìrora láti ọjọ́ yìí wá láìsunkún, ó wá ń sunkún nítorí òróró àga. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá tọ́jú rẹ̀. Orí ẹsẹ̀ obìnrin náà ló gbé orí lé, ó ń sọ fún un pé ara òun ti ń bọ̀ sípò tẹ́lẹ̀, pé ìyàwó òun ló gba linsi lọ́wọ́ òun, pé òun ò mọ ohun tí òun fi ṣe é. Bàbá jókòó lórí àga ní igun yàrá. Ó gbọ́. Mo wò ó, mo ń retí kí ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé òun ni òun dà á nù. Ó ń ka tẹ̀súbáà.

Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ irúgbìn náà. Ojoojúmọ́ ló ń tì í padà. Ọjọ́ karùn-ún ló kú, kí wọ́n tó pe ìrun àyìlá.

Àwọn obìnrin tí yóò wẹ̀ ẹ́ dé. Mo fa omi láti kànga, mo gbé e kaná kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe máa ń fẹ́ omi ìwẹ̀ rẹ̀. Mo bù ú sínú korobá, mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Àbúrò Màmá na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Kì í ṣe ìwọ," ó ní. "Ẹni tó gba oògùn lẹ́nu rẹ̀ kò ní bu omi tí a ó fi wẹ̀ ẹ́."

Àwọn obìnrin yòókù yíjú sí mi. Bàbá ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó fi ṣáálì borí, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Mo yíjú sí i. N kò sọ fún un pé kó sọ ọ́; n kò nílò láti sọ fún un. Òun náà wò mí, ó pẹ́ tó fi wò mí.

"Ìyàwó," ó ní, "gbé korobá yẹn sílẹ̀ fún wọn."

Mo gbé e sílẹ̀.